Ìlà ERK mi gòkè, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́: ẹ bá mi wo aago inú àwọ̀n Petri yìí

Ọmọ Ìpákòdò

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ àkókò ló gbé mi wá síbí.

Másítáàsì ni mò ń ṣe nínú báókẹ́mísìrì. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. EGF, purotéènì tó ń ní kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà, ló ń mú iṣẹ́ náà dé ẹnu ọ̀nà. Olùgbà tó wà lára sẹ́ẹ̀lì gbà á, iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ras (purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì ni òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e), Ras jí Raf, Raf jí MEK, MEK jí ERK, ERK ló wá ń jíṣẹ́ fún àwọn jíìnì pé ó tó àkókò kí sẹ́ẹ̀lì pín. Nọ́ńbà tí ìṣirò díférẹ́ńṣà ń béèrè pọ̀ ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi yan àwọ̀n Petri, àwòrán tó ń fi róbótó, àpótí àti ọfà sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì: ìgbà tó lè yá jù àti ìgbà tó lè pẹ́ jù.

Ibi tí mo há sí rè é. Nínú yàrá ìwádìí, ERK máa ń dé góńgó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn tí EGF bá dé, kó tó pé wákàtí kan ó ti wálẹ̀. Tèmi gòkè láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó dúró síbẹ̀. Mo fi sílẹ̀ títí wákàtí 6 nínú àwòṣe, kò mira. Ẹ sì wò ó, mo ti fi DUSP sí i, purotéènì tó ń yọ fọ́sífétì lára ERK tó ń sọ ọ́ di olóorun padà. ERK tó jí ló ń pàṣẹ kí wọ́n ṣe DUSP, mo sì fún àṣẹ yẹn ní ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ò wáyé rí, àní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń yí nọ́ńbà. Ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú, iná kì í pẹ́ lọ, tí bátìrì bá kú láàárín iṣẹ́, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó gbà mí.

Lábù Ìgbógbó

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Ibi pípẹ́tì ni tèmi, mi ò gbọ́ àwọ̀n Petri dénú, torí náà ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni mo lè sọ.

Má kánjú fipá fa ìlà yẹn wálẹ̀. ERK tó gòkè tó dúró kì í ṣe ìranù, iṣẹ́ mìíràn ló ń jẹ́ nìyẹn. Nínú sẹ́ẹ̀lì PC12, tí wọ́n mú láti ara eku, EGF máa ń jí ERK fún ìgbà kúkúrú, sẹ́ẹ̀lì á pín. NGF, purotéènì tó ń mú kí iṣan ìmọ̀lára dàgbà, máa ń jí ERK kan náà fún wákàtí bíi mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì á ṣíwọ́ pípín, á bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ bíi iṣan ìmọ̀lára. Lọ́dún 1995, Christopher Marshall kọ ọ́ kedere pé bí ìjí náà ṣe pẹ́ tó ni sẹ́ẹ̀lì ń kà. Ojú ọ̀nà kan náà, purotéènì kan náà, aago ló yàtọ̀. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn ìbéèrè rẹ: àwòrán tí kò bá ní aago kò lè fi ìyàtọ̀ EGF àti NGF hàn ẹnikẹ́ni.

Nǹkan kejì: DUSP tuntun kọ́ ló kọ́kọ́ ń fa ERK wálẹ̀. Ó ní láti ti inú jíìnì jáde kó tó di purotéènì, ìyẹn ń gba àsìkò. Kó tó dé, ERK fúnra rẹ̀ ti ń fi fọ́sífétì sí SOS (purotéènì tó ń jí Ras) àti Raf tó wà lókè rẹ̀, tó ń mú kí ọwọ́ wọn rọ̀, sẹ́ẹ̀lì sì ti ń gbé olùgbà EGF mì sínú. Ṣé ìyẹn wà nínú àwòrán rẹ?

Ọmọ Ìpákòdò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Rárá, kò sí. DUSP nìkan ni mo fi sí i. Èmi ò tiẹ̀ fọkàn sí i pé kó wálẹ̀ ní déédéé ìṣẹ́jú tó yẹ. Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fún láṣẹ kó wáyé, kò wáyé.

Bàbá Àgbọ̀wà

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn kan ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí wọn ò rí àwọ̀n Petri rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé, kó má baà dà bíi pé ẹnà ni à ń sọ.

Ẹ ya róbótó fún ohun tó lè wà: ERK tó sùn, ERK tó jí. Ilé ni mo máa ń pe róbótó yẹn. Ẹ ya àpótí kékeré fún ohun tó lè ṣẹlẹ̀: ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Ọfà máa ń ti ilé wọ ìṣẹ̀lẹ̀, tàbí kó ti ìṣẹ̀lẹ̀ wọ ilé. Kì í ti ilé lọ sí ilé. Ẹ wá kó ọmọ ayò sínú àwọn ilé. Bí gbogbo ilé tó nawọ́ ọfà sí ìṣẹ̀lẹ̀ kan bá ti ní ọmọ ayò tó tó, ìṣẹ̀lẹ̀ náà lè wáyé: á jẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀, á bí òmíràn síwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ayò ọlọ́pọ́n. Lórí ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni títí eré á fi tán. Nínú àwọ̀n Petri, méjì lè wọlé kí ẹyọ kan jáde, bí purotéènì méjì ṣe ń lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan.

Carl Adam Petri, ará Jámánì tí wọ́n bí ní Leipzig lọ́dún 1926, ló gbé e kalẹ̀. Ìwé dókítà rẹ̀ ní Darmstadt lọ́dún 1962 dá lórí bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ pé ọmọ ọdún 13 lòun nígbà tóun kọ́kọ́ ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, pé kẹ́mísìrì lòun sì fi ń yà. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀. Lọ́dún 1993 ni Reddy, Mavrovouniotis àti Liebman wá dá a padà sídìí kẹ́mísìrì, wọ́n fi ya ohun tó ń lọ nínú ẹ̀dá alààyè.

Àwọ̀n ti Petri kọ́kọ́ ṣe kò mọ aago. Ó mọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun mìíràn, kò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Lọ́dún 1974, Ramchandani fún ìṣẹ̀lẹ̀ ní iye àkókò kan pàtó. Lọ́dún yẹn kan náà, Merlin fún un ní méjì, èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù. Ti Merlin ni àbúrò wa ń lò. Aago yẹn ní òfin, òfin náà le: ìgbà tí ọmọ ayò bá pé ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka, bí ọmọ ayò kan bá sì kúrò níbẹ̀ kí ó tó pé, ó padà sí òdo.

Àbúrò, wá dá mi lóhùn. Ọmọ ayò mélòó ló wà nínú ilé ERK rẹ? Kí lo sì tún so mọ́ ERK tó jí yàtọ̀ sí DUSP? Báwo lo ṣe so ó?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Kí Bàbá tó dé orí rẹ̀, èmi á ní kí ẹ pa ti Merlin tì. Sẹ́ẹ̀lì kì í wo aago. Ẹ lo èyí tó ń fi orí-ire ṣe, kí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìyára, kí kọ̀ǹpútà sì máa ṣẹ́ kèké bí Gillespie ṣe kọ́ wa lọ́dún 1977. Snoopy, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Cottbus ní Jámánì, ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè ya á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì wò ó ní ọ̀nà mẹ́ta: láìsí aago, pẹ̀lú orí-ire, àti gẹ́gẹ́ bí ìṣirò díférẹ́ńṣà.

Ọmọ Ìpákòdò

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ayò kan péré ló wà níbẹ̀: bó bá wà nínú "ERK jí", ERK ti jí, bó bá wà nínú "ERK sùn", ó sùn. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni mo so mọ́ "ERK jí". Èkínní ni kó fi fọ́sífétì sí RSK, purotéènì mìíràn tí ERK ń jí, ìṣẹ́jú 1 sí 2. Fọ́sífétì yẹn tún máa ń kúrò lára RSK lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 sí 2, RSK á padà sípò, ERK á tún fi òmíràn sí i. Èkejì ni àṣẹ DUSP, ìṣẹ́jú 20 sí 30. ERK kì í tán nídìí iṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí náà mo fa ọfà láti "ERK jí" wọ ìṣẹ̀lẹ̀, mo sì fa òmíràn padà láti ìṣẹ̀lẹ̀ sí "ERK jí". Ó gbà á, ó dá a padà.

Bàbá Àgbọ̀wà

A ti rí i. Ọlọ́run ṣeun.

"Ó gbà á, ó dá a padà" yẹn gan-an ni. Lójú rẹ, ERK ò kúrò níbì kankan. Lójú aago, ó kúrò. Gbogbo ìgbà tí ERK bá lọ fi fọ́sífétì sí RSK, ọmọ ayò kan ṣoṣo yẹn á jáde nílé, ilé á ṣófo, ọmọ ayò á padà wọlé. Kò gba àkókò kankan, àmọ́ ilé ṣófo. Aago DUSP rí i pé ilé ṣófo, ó padà sí òdo. Ìrìn RSK ní àlọ àti àbọ̀ kì í ju ìṣẹ́jú 4 lọ. Aago tó fẹ́ ka ìṣẹ́jú 20, tí wọ́n ń dá padà sí òdo kó tó pé ìṣẹ́jú 5, ìgbà wo ló fẹ́ pé?

Ẹ fojú inú wo gáréèjì Ìkòròdú. Ká ní òfin ni pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga fún ìṣẹ́jú 20 gbáko kí bọ́ọ̀sì tó lè gbéra lọ sí Mile 12. Ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, ẹnì kan á ní "ọ̀gá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá gba ṣéńjì", awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á gòkè padà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ka aago á ní ó dìde, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Èrò kún bọ́ọ̀sì, epo wà, awakọ̀ wà, ilẹ̀ á ṣú bá wọn ní gáréèjì. Ohun tó ṣe DUSP rẹ nìyẹn. O yí nọ́ńbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nọ́ńbà ò sì ṣẹ̀ ọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Ọfà kan wà tó kàn ń wo ilé láì mú nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń wò bóyá ọmọ ayò wà, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Tina, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, ní irú ọfà yẹn. Yọ ọfà àlọ àti àbọ̀ yẹn kúrò lára ERK, fi ọfà awòye rọ́pò rẹ̀, ní ti RSK àti ní ti DUSP. Níbi gbogbo tí ẹ́ńsáìmù bá ti ń ṣiṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ò tán, bẹ́ẹ̀ ni kó o ṣe é: Raf sí MEK, MEK sí ERK.

Kó o tó tẹ bọ́tìnì, fi bírò ṣírò rẹ̀ ná. ERK jí ní ìṣẹ́jú 4 sí 6. Àṣẹ DUSP, 20 sí 30. Ká ní DUSP ń gba ìṣẹ́jú 1 sí 2 kó tó mú ERK. Èyí tó yá jù, 4 àti 20 àti 1, jẹ́ 25. Èyí tó pẹ́ jù, 6 àti 30 àti 2, jẹ́ 38. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ nǹkan mìíràn fún ọ, má gbà á gbọ́, padà sí àwòrán.

Kó o sì ka ọmọ ayò rẹ. "ERK sùn" àti "ERK jí", àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 ní gbogbo ìgbà. Bó bá di 0 tàbí 2 níbì kan, ọfà kan ti sọnù. Èmi kì í so aago mọ́ àwọ̀n tí mi ò tíì kà báyìí.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí ó jẹ mí níyà nígbà tí mò ń ṣe tèmi. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì bá ń du ọmọ ayò kan ṣoṣo, tí ẹ fún ọ̀kan ní 1 sí 2, tí ẹ fún èkejì ní 3 sí 5, èkejì ò ní wáyé láéláé. Èyí tó pẹ́ jù nínú aago Merlin, dandan ni: tó bá di ìṣẹ́jú 2, èkínní gbọ́dọ̀ wáyé, a ò ní dé 3. Èmi rò pé "3 sí 5" túmọ̀ sí pé ó máa ń lọ́ra díẹ̀, àwọ̀n ní kò sí i rárá ni. Bí méjèèjì bá ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì lóòótọ́, àkókò wọn gbọ́dọ̀ fẹnu kan ara wọn níbì kan.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Bàbá, mo júbà. Mo ti ń lo ọfà àlọ-àbọ̀ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lóye ìdí rẹ̀ ni. Nínú àwọ̀n orí-ire, ìdúró kò ní ìrántí. Ẹni tó ti dúró fún ìṣẹ́jú 19 àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọgbọọgba ni ìrètí wọn, nítorí náà bí aago bá padà sí òdo, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Àìní ìrántí yẹn sì ní wàhálà tirẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Bí ẹ bá fún àṣẹ DUSP ní ìṣẹ́jú 25 ní àròpín, tí ẹ sì fi í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ ẹyọ kan, nígbà míì á wáyé ní ìṣẹ́jú 1, nígbà míì ní 70. Jíìnì kì í di purotéènì ní ìṣẹ́jú 1. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́: ìṣẹ̀lẹ̀ 10 tó tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìṣẹ́jú 2.5. Àròpín ṣì jẹ́ 25, àmọ́ ìfọ́nká rẹ̀ á wálẹ̀ láti 25 sí nǹkan bí 8, nítorí rúùtù 10 la fi ń pín in. Ìgbésẹ̀ púpọ̀ wà nídìí rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì náà ṣá: kí wọ́n da jíìnì kọ, kí wọ́n gé e, kí ó jáde, kí wọ́n kà á di purotéènì.

Ọmọ Ìpákòdò

Ẹ̀yin èèyàn mi! Àárọ̀ yìí ni mo ṣe é, kí iná tó lọ. Mo fi ọfà awòye rọ́pò gbogbo rẹ̀, DUSP wáyé, ERK sọ̀ kalẹ̀. Tina sọ pé kò lè yá ju ìṣẹ́jú 25 lọ, kò lè pẹ́ ju 38 lọ. Ohun tí Bàbá fi bírò ṣírò náà ni. Mo jókòó, mo ń wo 25 yẹn, omi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ nǹkan kan ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn tó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Ṣé mo tún ti ba nǹkan jẹ́ ni?

Bàbá Àgbọ̀wà

O ò ba nǹkan jẹ́. MEK ṣì wà lójúfò, ó ń jí ERK. DUSP náà ti dé, ó ń dá a padà sórí oorun. Àwọn méjèèjì ń fa ọmọ ayò ẹyọ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ERK pọ̀ lọ jàra, àwọn kan á wà lókè, àwọn kan nísàlẹ̀, ẹni tó bá wọ̀n ọ́n á rí ìlà tó wà ní àárín. Ọmọ ayò kan ṣoṣo ò lè wà ní àárín, ó di kó máa ṣẹ́jú.

O lè fi 100 síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíyè sí i: nínú àwọ̀n Merlin, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní aago kan. Ìwọ ọmọ Ìpákòdò, o mọ jẹ́tì. Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n ṣí, tí wọ́n ń wo tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 2, èrò 100 á gba ìṣẹ́jú 200 kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi tán. MEK kì í ṣe bẹ́ẹ̀, púpọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibí ni mo ti gbà pẹ̀lú Ọmọ Ẹ̀pẹ́. Bó o bá fẹ́ mọ bí ìlà ṣe ga tó, lọ sínú àwọ̀n orí-ire, níbi tí ìyára ti ń pọ̀ bí ọmọ ayò bá ṣe ń pọ̀. Bó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan lè ṣẹlẹ̀ rárá, àti pé kò lè yá ju ìgbà báyìí lọ, kò lè pẹ́ ju ìgbà báyìí lọ, dúró sọ́dọ̀ Merlin pẹ̀lú ọmọ ayò kan. Lo méjèèjì nínú iṣẹ́ rẹ, kó o sì sọ èyí tó dáhùn ìbéèrè wo.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Bó o bá ń kó ọmọ ayò sí i, kì í ṣe kóo kàn dá a lábàá. Nánómólà ni ìwé fi ń sọ bí purotéènì ṣe pọ̀ tó nínú omi: nánómólà 1 nínú píkólítà 1 jẹ́ móléékù 602. Fi ìyẹn yí nọ́ńbà inú ìwé padà. Kó o sì wo ẹyọ àkókò dáadáa: ìyára inú ìwé sábà máa ń jẹ́ ti ìṣẹ́jú àáyá, tìrẹ jẹ́ ti ìṣẹ́jú. Ìlọ́po 60 ni àṣìṣe ibẹ̀.

Lábù Ìgbógbó

Inú mi dùn o. Àmọ́ ìgbòkègbodò tó o rí yẹn, má gbà pé ọmọ ayò kan ló fa gbogbo rẹ̀. Bí ohun kan bá ń bí ẹni tó máa pa á, tí ẹni yẹn sì ń pẹ́ kó tó dé, ìlà lè máa gòkè sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. NF-κB, purotéènì tó ń pàṣẹ fún jíìnì, ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí TNF tó ń jí i láti ìta sẹ́ẹ̀lì bá wà níbẹ̀ tí kò lọ, NF-κB á wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì, á ní kí wọ́n ṣe IκBα tó ń dí i lọ́wọ́, IκBα á wá fà á jáde, nǹkan bí ìṣẹ́jú 100 láàárín góńgó kan sí èkejì. Nítorí náà, nígbà tó o bá kó ọmọ ayò púpọ̀ sí i, wò ó bóyá ìgbòkègbodò yẹn á parẹ́ tàbí á dúró.

Fi olùgbà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé mì sí i. EGF tó wà nínú àwòrán rẹ báyìí ò tán láé, ìdí nìyẹn tí MEK ò fi sinmi.

Ọmọ Ìpákòdò

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ya ilé méjì fún olùgbà: "lára sẹ́ẹ̀lì" àti "nínú". Ìṣẹ́jú mélòó sí mélòó ni kí n fún gbígbé mì yẹn? Bí ẹ bá ní àwòrán jẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń fi bí purotéènì ṣe pọ̀ tó hàn, tí ẹ ti wọ̀n láti ìṣẹ́jú 0 dé 60, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ fi í ṣe àkókò rẹ̀ dípò kí n dá a lábàá. Bàbá, mo ti tẹ àwòrán tuntun sórí pépà, mo ń ka ọmọ ayò rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí kí n tó so aago kankan mọ́ ọn.